Ohun Tó Dúró Lójú Ọ̀nà Bàálù

Ìtàn pápá bàálù ni wọ́n ní kí Ọ̀gá Pápá wá sọ. Káńsù fẹ́ ti pápá náà pa lópin oṣù, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé gbígbé síbẹ̀, wọ́n sì rò ó pé kò yẹ kí irú ibẹ̀ kàn parẹ́ láìsí ìwé pẹlẹbẹ kan tí yóò sọ bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ àti oríṣiríṣi ohun tí ìlú ti fi ṣe. Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n ju ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tọ́jú rẹ̀ lọ? Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, akọ̀wé káńsù, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì nínú yàrá tí àwọn èrò máa ń jókòó sí láyé ijọ́un, ó tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ọ̀gá Pápá wo fóònù náà. Àìsàn kíndìnrín ti sọ ọ́ di egungun lásán, dókítà sì ti bá a sọ ọ́ láìfi bò pé kò dá òun lójú pé yóò rí òjò ọdún tó ń bọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, màá sọ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní rí bí o ṣe rò ó. Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mo ti jókòó lé lórí láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Òní ni màá dìde kúrò lórí rẹ̀. Bí o bá rí i pé mo fẹ́ dákẹ́, má jẹ́ kí n dákẹ́."

Àwọn mẹ́ta mìíràn jókòó tì wọ́n. Káńsù ló pè wọ́n, kí wọ́n lè ya fọ́tò àwọn àgbà pápá papọ̀. Ọ̀kan ni ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní Àwòdì, nítorí pé òun ló ń wa bàálù tó ń gbé aláìsàn nígbà kan rí. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, iṣẹ́ tó sì ṣe kẹ́yìn kó tó fẹ̀yìn tì ni gígé koríko etí ọ̀nà bàálù. Èkejì ni ìyàwó Àwòdì. Ẹ̀kẹta ni Tíṣà, àbúrò ìyàwó Ọ̀gá Pápá, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Ọ̀gá Pápá wá láti ilé. Bí Tíṣà ṣe gbọ́ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó dìde, ó ní ara ẹ̀gbọ́n òun kò jọ ara tó le, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé wọn padà sílé, bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tún wá. Ọ̀gá Pápá ní kó jókòó. Kò pariwo mọ́ ọn. Tíṣà jókòó sétí àga, bí ẹni tí yóò tún dìde láìpẹ́.

Ọ̀gá Pápá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí akọ̀wé fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní pápá tí ẹran ti ń jẹko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń fi bàálù fín oògùn sí irè oko ló kọ́kọ́ tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ. Bàálù wọn kéré bíi tata, òórùn oògùn wọn sì máa ń wà lára aṣọ èèyàn títí dọ̀la. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ, káńsù gbà á, wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n kọ́ ilé kékeré kan tí yàrá èrò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí yàrá onígíláàsì sì wà lókè, níbi tí olùtọ́jú pápá yóò ti máa rí ojú ọ̀nà bàálù láti ìkángun kan dé ìkejì. Lọ́jọ́ tí bàálù àwọn onílẹ́tà kọ́kọ́ balẹ̀, wọ́n fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní ìsinmi. Alága káńsù sún mọ́ bàálù ju bó ṣe yẹ lọ, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ fa fìlà mọ́ ọn lórí, ó sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ìyàwó Àwòdì náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn àwọn onílẹ́tà ni bàálù èrò dé, ó ń ná olú-ìlú fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n la títì ńlá, àwọn èrò bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, bàálù èrò kò sì wá mọ́. Bàálù aláìsàn nìkan ló kù, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹfà lóṣù. Títì gígùn, tó tẹ́jú, tí kò ní kòtò kankan, tó kàn nà sílẹ̀ gbalaja: ìlú wo ni yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbẹ̀ ń sá ọkà sí i. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sáré ìje lórí rẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fi í dánra wò. Ọkọ ìyàwó kan tilẹ̀ ya fọ́tò ìgbéyàwó níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fẹ̀yìn ti bàálù, aṣọ funfun rẹ̀ sì di dúdú látòkè délẹ̀. Káńsù mọ̀, wọ́n mójú kúrò. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ tẹ ojú ọ̀nà náà, kí olùtọ́jú kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí bàálù kankan sì tó balẹ̀, kí olùtọ́jú gun òkè lọ sí yàrá onígíláàsì, kó fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀nà náà já. Ọ̀gá Pápá ní àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá péré ni. Òun kò mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí òun kò gùn ún ni òun ti ń kà á.

Ó wá yíjú sí Tíṣà, ó ní kó má bínú sí òun, òun gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìyá àwọn Tíṣà ti kú nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyàwó Ọ̀gá Pápá, ló tọ́ ọ bí ọmọ inú ara rẹ̀. Nígbà tó dàgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkọ́nilọ́kọ̀, ó wá bẹ Ọ̀gá Pápá pé títì ìlú kún jù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń kọ lu ògiri àti ọkọ̀ olọ́kọ̀, kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí òun máa lo ojú ọ̀nà bàálù. Ọ̀gá Pápá gbà. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé. Ta ló ń kọ orúkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ sínú ìwé? Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ náà ní òun fẹ́ kọ́ ọ. Aránṣọ ni, ó sì ti sú u láti máa dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, kó máa retí ẹni tó máa gbé e. Ọkọ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, ó ní ó ń di sìtíárì mú bí ẹni di ewúrẹ́ tó fẹ́ sá lọ mú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn sí i. Bó bá jókòó nídìí ọkọ̀ funfun Tíṣà, tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí ọ̀dà gbalaja yẹn, ó máa ń kọrin, ohùn rẹ̀ á sì máa gba ojú fèrèsé wọlé.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ó sì ti dá. Àwòdì ti gbéra ní kùtùkùtù pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan, wọ́n lọ gbé gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí inú rẹ̀ wú ní abúlé tí mọ́tò kò lè tètè dé. Ó ní aago mẹ́rin ni àwọn máa padà. Tíṣà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láago méjì ààbọ̀, Ọ̀gá Pápá sì sọ fún wọn pé bó bá ti di mẹ́ta ààbọ̀ kí wọ́n kúrò. Òun alára jókòó sísàlẹ̀, nínú yàrá yìí gan-an, ó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ṣe. Ó ti gbé rédíò tí wọ́n fi ń bá bàálù sọ̀rọ̀ kúrò lókè láti bí oṣù mẹ́ta, ó gbé e sórí tábìlì ìsàlẹ̀, kí ó má baà máa gun àtẹ̀gùn. "Ọ̀lẹ ni," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí n wá orúkọ mìíràn fún un." Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́ta lù, ohùn Àwòdì dún nínú rédíò. Ó ní ara gbẹ́nàgbẹ́nà kò dáa rárá, àwọn ti tètè gbéra, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí àwọn balẹ̀. Ó bi í pé ṣé ojú ọ̀nà mọ́. Sìpíríǹgì kékeré kan wà lábẹ́ àtàǹpàkò ọwọ́ òsì Ọ̀gá Pápá nígbà náà, ó ti ń bá a jà láti àárọ̀, bó bá fi gbé ọwọ́ kúrò báyìí, yóò fò lọ sábẹ́ àga, yóò tún di wíwá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa rédíò mọ́ra. Ó ní, "Ojú ọ̀nà mọ́. Máa bọ̀."

Akọ̀wé bi í, jẹ́jẹ́, pé ṣé ó gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀ ni. Ọ̀gá Pápá ní òun ti bi ara òun ní ìbéèrè yẹn títí ó fi di ariwo lásán létí òun. Òun mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Òun kàn ń wo sìpíríǹgì. Nígbà tó wọlé sí àyè rẹ̀, inú òun dùn, òun tilẹ̀ fẹ́ dìde lọ pe ìyàwó òun kó wá wò ó, ìgbà náà ni òun gbọ́ ìró bàálù lókè. Bí òun bá ti gbá rédíò mú, tí òun sọ pé "gbéra, gbéra," Àwòdì ì bá gòkè padà. Ṣùgbọ́n òun sáré jáde síta, òun ń ju ọwọ́ bí adìẹ tó ń gbọn ìyẹ́. Ta ló fẹ́ rí òun láti ojú òfurufú? Ọkọ̀ funfun náà ti kú sáàárín ọ̀nà. Tíṣà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tì í, ìyàwó òun wà nídìí sìtíárì, ó ń yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò dáhùn. Bàálù jáde láti inú àwọsánmà tó sún mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Àwòdì rí wọn. Ó yí imú bàálù kúrò lára wọn, apá rẹ̀ kan gbá ilé ẹ̀rọ omi, ó sì dojú dé sínú koríko.

Ó dákẹ́ níbẹ̀. Akọ̀wé rántí ohun tó ní kí òun ṣe, ó ní, "Bàbá, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Ọ̀gá Pápá ní gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ funfun wá jí. Ìyàwó òun ti ṣí ilẹ̀kùn, ó fẹ́ sáré lọ síbi tí bàálù ṣubú sí, Tíṣà sì dì í mú. Àwọn méjèèjì yíjú sí òun, wọ́n ń wo ẹnu òun. "Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyí," ó ní. "N kò tíì rin ìṣísẹ̀ kan sọ́dọ̀ àwọn tó wà nínú bàálù. Mo kọ́kọ́ na ọwọ́ sí géètì ẹ̀yìn, mo ní kí wọ́n máa lọ." Wọ́n lọ. Ìgbà tí òun dé ìdí bàálù, gbẹ́nàgbẹ́nà ti kú. Nọ́ọ̀sì ṣì ń mí. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ gbé aláìsàn mi," òun kò sì ní ẹnu láti sọ fún un pé aláìsàn rẹ̀ ti lọ. Kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé, nọ́ọ̀sì náà ti kú. Ẹ̀jẹ̀ bo Àwòdì lójú, ó ń mí, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó wà.

Ọkùnrin méjì ló wá láti olú-ìlú láti ṣèwádìí. Wọ́n bi Ọ̀gá Pápá bóyá ojú ọ̀nà mọ́, ó ní ó mọ́. Ó ti pinnu pé ibẹ̀ ni òun máa dúró sí, pé irọ́ kan ṣoṣo ni òun máa pa. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù nínú àwọn méjèèjì rí ojú táyà kékeré nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ẹ̀yìn, ó bi í pé ti ta ni. Ó ní ti àwọn tó wá ṣèrànwọ́ ni. Ọkùnrin náà ń fi ọ̀bẹ kékeré wọn ojú táyà náà, ó ń bi ara rẹ̀ sókè pé: ẹni tó ti ń wa bàálù láti ọdún mọ́kànlá, ojú ọjọ́ kò burú, ọ̀nà mọ́, kí ló mú un yí imú? Ẹnikẹ́ni kò bi Ọ̀gá Pápá. Òun ló la ẹnu. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún Àwòdì nínú rédíò pé ó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú eré jù, pé kó gòkè padà kó yípo, Àwòdì sì dá òun lóhùn pé òun kò ráyè. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kékeré náà nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Àwọn irọ́ ìṣáájú, ẹ̀rù ló pa wọ́n," Ọ̀gá Pápá wí. "Èyí tó kẹ́yìn, èmi ni mo pa á. Ọ̀rẹ́ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, kò mọ orúkọ ara rẹ̀, mo sì kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí."

Ìyàwó Àwòdì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti gbé àpò rẹ̀ sórí itan, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Àwòdì ní tirẹ̀ ń wo ilẹ̀, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn àìsàn ẹlòmíràn. Tíṣà ti fọwọ́ bojú.

Ọ̀gá Pápá ní nígbà tí òun délé lọ́jọ́ ìwádìí náà, ìyàwó òun bi òun ohun tí òun sọ, òun sì sọ fún un. Ó ní kí òun padà lọ. Òun ní nítorí rẹ̀ ni òun ṣe ṣe é. Ó ní, "Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀. Jẹ́ kí n lọ fẹnu ara mi sọ ọ́." Òun kúnlẹ̀, òun di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, òun ní bó bá jáde báyìí, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì mọ́lé. Òun mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa dùn ún. Ó jókòó padà, láti ọjọ́ náà lọ, kò kọrin mọ́ nínú ilé, kò sì jókòó sídìí sìtíárì mọ́ títí ó fi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí Àwòdì fi wà nílé ìwòsàn, ó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń fọ aṣọ, ó ń gbálẹ̀. "Láti ọdún yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé nítorí ìyàwó mi ni mo ṣe pa á mọ́," ó ní. "Irọ́ ni. Òun ló fẹ́ sọ ọ́. Èmi ni mo dí i lẹ́nu."

Ó ní kí akọ̀wé fún òun lómi. Ó mu díẹ̀, ó gbé ife sílẹ̀. Ó ní gbogbo èyí tí òun ti sọ, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, bóyá òun ì bá lè wo ojú ara òun nínú dígí. Èyí tó kù ló burú jù. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, Àwòdì wá bá òun lórí òkè, nínú yàrá onígíláàsì. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gùn ún, ó ń sinmi. Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ ìwabàálù rẹ̀. Ó jókòó, ó ní òun kò rántí ohunkóhun láti ìgbà tí òun ti de bẹ́líìtì mọ́ra ní abúlé náà títí òun fi jí nílé ìwòsàn. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń wá sójú òun: nǹkan funfun kan, tó dúró sójú ọ̀nà. Dókítà ní ọpọlọ tó fara pa máa ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo Ọ̀gá Pápá lójú. Ó ní, "Ìwọ lo wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, ṣé nǹkan kan dúró sójú ọ̀nà?"

"Mo lè sọ ọ́ nígbà náà," Ọ̀gá Pápá wí. "Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Ó ń bẹ̀ mí. Mo ní, 'Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo kìlọ̀ fún ọ, o ò gbọ́.'" Ó ní Àwòdì di òun lọ́wọ́ mú, ó ní òun dúpẹ́, gbogbo èèyàn ló ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan òun, Ọ̀gá Pápá nìkan ló sọ òótọ́ fún òun láìbẹ̀rù. Ó dúpẹ́! Ó wá bẹ Ọ̀gá Pápá pé kó sin òun lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn olóògbé, òun fẹ́ tọrọ àforíjì. Wọ́n lọ. Ìyá nọ́ọ̀sì kò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀gbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà ṣílẹ̀kùn ní tirẹ̀. Àwòdì kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, ọkùnrin náà tutọ́ sí i lójú, ó ní kó máa fi ojú náà rìn. Ọ̀gá Pápá dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí igi. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Nígbà tí wọ́n jáde, ó fún Àwòdì ní áńkáṣíìfù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àwòdì lọ bẹ káńsù pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ gígé koríko ní pápá náà, nítorí pé kò sí ibòmíràn tó yẹ òun. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi gé e. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, láago mẹ́ta, yóò gbé àdá sílẹ̀, yóò lọ dúró níbi tí bàálù ṣubú sí. Ọ̀gá Pápá ń wò ó láti ojú gíláàsì.

Nígbà tó parí, Tíṣà ló kọ́kọ́ dìde. Ó dojú kọ akọ̀wé, ó ní kí wọ́n má dá ẹ̀gbọ́n òun lóhùn, oògùn tí wọ́n ń lò ló ń sọ̀rọ̀, dókítà ti kìlọ̀ fún àwọn pé ó lè dé orí wọn. Ó ní òun kò mọ ọkọ̀ funfun kankan, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òun kankan tó tẹ ojú ọ̀nà bàálù rí. Ó sọ ọ́ kíákíá, láìwo ẹnikẹ́ni lójú. Akọ̀wé bi Ọ̀gá Pápá bóyá ìwé kan wà tó lè fi í hàn. Ìwé wo? Òun kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìyàwó òun ti kú. Ìwé kan ṣoṣo tó wà lọ́fíìsì káńsù ni ti àwọn olùṣèwádìí, ohun tí òun fẹnu ara òun sọ ló sì wà nínú rẹ̀. Ó yíjú sí Àwòdì. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ara kò gbà, ó kàn tẹ síwájú lórí àga títí orí rẹ̀ fi kan orúnkún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ. Ìwọ lo tilẹ̀ gba ìyàwó mi àti àbúrò rẹ̀ là. Nǹkan funfun tí o rí, òótọ́ ni, ọkọ̀ ni."

Àwòdì gbé e dìde, ó tì í padà sára àga, jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ nǹkan funfun yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ. O ṣèèyàn. O mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ lórí àwa méjèèjì, o fẹ́ kí ọkàn mi fúyẹ́ kó o tó lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, o ò parọ́ fún mi rí. Má bẹ̀rẹ̀ lónìí nítorí àánú mi." Ọ̀gá Pápá búra. Ó fi ìyàwó rẹ̀ tó kú búra. Ó tún sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, sìpíríǹgì, rédíò, géètì ẹ̀yìn, Àwòdì sì ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń sọ pé ó ti tó, ó ti tó.

Ìyàwó Àwòdì ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo gbà yín gbọ́. Ìyàwó yín máa ń fọ aṣọ wa nílé ìwòsàn títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó, bí mo bá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹkún ló máa bú sí. Mo rò pé ìfẹ́ ni." Ọ̀gá Pápá bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Obìnrin náà ní òun kò ní ìdáríjì láti fún un. Ẹni tó ni ín ló jókòó síbẹ̀ yẹn, kò sì gbà pé ẹnikẹ́ni ṣẹ òun. Ó ní òun yóò máa sọ ọ́ fún ọkọ òun lójoojúmọ́ tí àwọn bá jí, ṣùgbọ́n òun mọ ọkọ òun. Òun ni yóò sú, kò ní sú u.

Akọ̀wé ṣì ń gba ohùn sílẹ̀. Ó bi í, ohùn rẹ̀ kéré, pé ṣé kí òun kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé náà. Ọ̀gá Pápá ní kó kọ ọ́, bí káńsù kò bá sì tẹ̀ ẹ́ jáde, kó fi pamọ́ fún ara rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ lọ bá a nígbà tó ṣì ń béèrè. Ọjọ́ tí ó bá ti fi irọ́ yín kọ́lé, tó sì ti ń gbé inú rẹ̀, òótọ́ yín á dúró síta, kò ní rí ilẹ̀kùn gbà wọlé." Ó ń sunkún báyìí, láìpariwo. Àwòdì fa áńkáṣíìfù yọ nínú àpò rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ fún un, ó sì rọra sọ fún un pé kó má sunkún mọ́, irọ́ tó pa nítorí òun lónìí, òun ti dárí rẹ̀ jì í.